Ọjọ́ Kan ní Guangzhou: Ohun Tí A Rí àti Ohun Tí A Jẹ

Láti ìgbà tí a ti wọlé sáà yìí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: "Ṣé o jẹ ejò?" Ọmọ SS1 bi mí, ọmọ kíláàsì mi bi mí, olùkọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ náà bi mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Rárá o. Mi ò jẹ ejò, mi ò jẹ ajá, ẹnikẹ́ni ò sì gbé e síwájú mi. Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wá ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kí gbogbo ẹnu lè sinmi.

Kí ẹ tó máa sọ pé ọmọ olówó ni mí: aṣọ ni Màmá mi ń tà ní Gbági, lẹ́ẹ̀sì àti sátìnnì, Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ló sì ti ń lọ kó o. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti lọ kí n tó bá a lọ. Ìyá tí wọ́n jọ máa ń lọ kò ráyè lọ́tẹ̀ yìí, Màmá sì nílò ẹni tó máa bá a tẹ fóònù, tó máa ka nọ́ńbà tó wà lára aṣọ, tó máa kọ ọ́ sínú ìwé. A wà nínú ìsinmi gbọọrọ, ló bá mú mi dání. Láti Èkó a dúró ní Addis Ababa, a tún wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn níbẹ̀. Aago wọn fi wákàtí méje ṣáájú tiwa, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń jí kírun Àsùbáà níbí, àwọn ti ń jẹun ọ̀sán.

Ọjà la ń lọ lójoojúmọ́. Ọjà aṣọ Zhongda tóbi débi pé ẹsẹ̀ mi wú. Àmọ́ nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn tó ń bá wa di ẹrù ní iṣẹ́ àwọn ò ní parí kó tó di Sátidé. Bí Jímọ̀ ṣe ṣófo fún wa nìyẹn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Nínú gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹfà tí Màmá mi ti lọ, kò fẹnu kan oúnjẹ ìlú náà rí. Gààrí, kúlíkúlí, búrẹ́dì àti nuúdù tó bá gbé láti ilé ló ń jẹ. Ẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ ló ń bà á. Mùsùlùmí ni wá, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn bí ata ṣe pọ̀ nínú tiwa. Nígbà mìíràn, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n á pò mọ́ edé, ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé oúnjẹ, kò sì lè béèrè. Kódà ọkùnrin tó ń ta lẹ́ẹ̀sì fún un máa ń da tíì sínú ife kékeré kan tí kò tó ìkúùkù ọmọdé, á gbé e síwájú rẹ̀. Màmá ò mu ún rí. Ó gbà pé ọgbọ́n ni ọkùnrin náà ń dá, pé ó fẹ́ fi tíì tu òun lójú kí òun má baà ná ọjà dójú àmì.

Nínú ilé tí a dé sí, a pàdé ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń kàwé ní yunifásítì níbẹ̀. Bọ̀dá ni mò ń pè é. Ìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹfà, Mọ́mì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáde lọ́la." Màmá ní ó dáa, ọjọ́ kan péré.

Kí a tó kúrò nílé, Bọ̀dá kọ́ wa ní gbólóhùn kan: bu chi zhu rou. Ó túmọ̀ sí "mi ò jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohùn rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni òyìnbó ti ń kọsẹ̀. Èdè wọn dà bíi Yorùbá ní ti pé bí ohùn bá ti yí, ìtumọ̀ ti yí nìyẹn. Àwa ní ohùn mẹ́ta. Èdè tí ìjọba wọn ń lò ní mẹ́rin, Cantonese tí àwọn ọmọ bíbí Guangzhou ń sọ nínú ilé sì ní mẹ́fà. Ohùn bu máa ń ti òkè já bọ́ sílẹ̀. Chi àti zhu dúró sókè gbọnin bíi mí. Rou tún já bọ́. Ẹni tó bá lè pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, etí rẹ̀ ti là fún irú nǹkan báyìí. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Màmá pè é ló bọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rí, títí kan ọlọ́pàá kan tí kò bi í ní nǹkan kan.

Ohun kejì tí Bọ̀dá fi hàn wá ni àmì qingzhen. Ibi tí ẹ bá ti rí i lórí pátákó, oúnjẹ Mùsùlùmí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé, nígbà mìíràn wọ́n á kọ Lárúbáwá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú wa mọ̀ ọ́n tán, a rí i pé ọ̀kan wà ní òpópónà tí Màmá máa ń gbà lọ sọ́jà. Ó dúró wò ó títí. Kò sọ nǹkan kan.

Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ la wọ̀. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i, yuan méjì sì ni owó ọkọ̀ tó kéré jù. Fóònù ni gbogbo èèyàn fi ń sanwó, títí kan ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. (Google ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá Google lẹ́bi pé ó ń bá yín ṣe àsáínímẹ́ǹtì tí kò dáa, ẹ ò ní rí ohun tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi.) A sọ̀ kalẹ̀ ní Ximenkou, a sì wọ ilé oúnjẹ kan tó ní àmì wa yẹn.

Oúnjẹ àárọ̀ ni Guangzhou fi lókìkí. Yum cha ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "mu tíì", ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé tíì nìkan ni, ebi ò pa á rí. Àwọn àwo kéékèèké tó ń bá tíì náà rìn ni dim sum, tó túmọ̀ sí ohun tó kan ọkàn. Àwọn àgbàlagbà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹlòmíràn ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn lórí ife kan. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde.

Mo ní láti ṣàlàyé ìlànà rẹ̀, torí ó ní ìlànà. Tíì àkọ́kọ́ tó bá dé, ẹ ò ní mu ún. Ẹ ó fi ṣan ife, abọ́ àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tẹ́ ẹ máa fi jẹun, ẹ ó dà á sínú abọ́ ńlá tó wà láàárín tábìlì. Màmá mi fẹ́ràn apá yìí gan-an. Bí omi inú ìkòkò tíì bá tán, ẹ má pariwo pe ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń gbé omi gbígbóná káàkiri á rí i, á sì rọ òmíràn sí i. Bí ẹnìkan bá bu tíì fún yín, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọpẹ́ nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ọba wọn kan, Qianlong, múra bí èèyàn lásán, ó ń rìn kiri láti wo ìlú rẹ̀. Ó bu tíì fún ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìránṣẹ́ ò lè dọ̀bálẹ̀, torí àṣírí á tú. Ló bá tẹ ìka rẹ̀ ba, ó fi ìka náà kúnlẹ̀ lórí tábìlì. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ìka ń kúnlẹ̀! Màmá ní kí Bọ̀dá tún ìtàn yẹn sọ.

Inú agbọ̀n oparun kéékèèké ni oúnjẹ ti ń wá. Omi gbígbóná á wà nísàlẹ̀, ooru rẹ̀ lá máa se é, bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín gẹ́lẹ́. A jẹ ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ká mọ́ ẹran màlúù, tó ń yọ̀ bí ilá. A jẹ edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun wé, ara ìyẹ̀fun náà fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí edé nínú rẹ̀. Mo béèrè ẹ̀ẹ̀mẹta bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ò sí níbẹ̀, ẹni tó ń tà á sì fi ìka tọ́ka sí àmì ara ògiri. A mu ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n ya ẹran adìyẹ sí. Kò ní ṣúgà, iyọ̀ ló ní, ó sì gbà mí ní ìgbà díẹ̀ kí ẹnu mi tó gbà pé kò sí ohun tó ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ adìyẹ dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ adìyẹ, èyí tí ẹ̀yin ń sọ fún ajá. Orúkọ ẹyẹ inú àlọ́ ni wọ́n fún un kó lè gbayì. Wọ́n á kọ́kọ́ dín in, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí awọ rẹ̀ lè wú, wọ́n á wá fi ooru sè é pẹ̀lú ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí tó sì ti kan. Bí wọ́n ṣe ṣí ìdérí agbọ̀n náà, Màmá gbé orí sókè. Ó ní, "Irú." Bọ̀dá ní kì í ṣe irú. Màmá ní òun mọ irú. Ó gba agbọ̀n náà lọ́wọ́ wa, ó sì jẹ mẹ́rin. Ohun tí àwa ń ṣe sí igbá nínú ewé, sóyà ni àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, nítorí náà àwọn méjèèjì ló jàre.

Mọ́ṣáláṣí Huaisheng kò jìnnà sí ibẹ̀. Ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní gbogbo Ṣáínà, ilé gogoro rẹ̀ sì ga tó mítà 36, ó funfun, ó dán bí àbẹ́là. Láyé àtijọ́, iná máa ń wà lórí rẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi oníṣòwò láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Páṣíà fi ń mọ ọ̀nà. Ìyẹn ni pé àjèjì tó wá rajà sí ìlú yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Màmá mi. Ẹ̀yin Kírísítẹ́nì, ẹ má bínú, a kàn gba iwájú kàtídírà yín kọjá ní ọjọ́ mìíràn ni. Òkúta látòkèdélẹ̀ ni, ọdún 1863 sí 1888 ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilé gogoro rẹ̀ méjì sì ga tó mítà 58.

Ibùdó kan péré ló kù láti ibẹ̀ dé ilé àwọn Chen, ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ SS3 fetí sí. Chen jẹ́ orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ gan-an ní Ṣáínà. Ní ìparí ọdún 1800 sí 1900, àwọn tó ń jẹ́ Chen ní agbègbè 72 dá owó jọ, wọ́n sì kọ́ ilé ńlá kan sí Guangzhou. Ọdún 1894 ni wọ́n parí rẹ̀: ilé 19 àti àgbàlá mẹ́fà. Kí ni wọ́n fẹ́ lò ó fún? Láti bọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá wọn, àti kí ọmọ wọn tó bá ti abúlé wá ṣe ìdánwò lè rí ibi sùn, kó rí ibi kàwé. Ìdánwò ìjọba ni. Ẹni tó bá yege lè di òṣìṣẹ́ ọba, gbogbo ìdílé rẹ̀ á sì jókòó dáadáa. Ìdánwò yẹn ti wà fún ohun tó ju 1,000 ọdún lọ. Ẹ wá gbọ́ o: ọdún 1905 ni ìjọba fagi lé e. Ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí wọ́n parí ilé náà! Ilé ọnà ló jẹ́ báyìí.

Mi ò lè ṣàpèjúwe òrùlé rẹ̀ tán. Wọ́n fi amọ̀ aláwọ̀ ṣe ọba, jagunjagun, ẹyẹ àti èso, wọ́n tò wọ́n sí gbogbo orí òrùlé bí ẹni pé ìran eré orí ìtàgé ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn, ògiri, òpó, kò sí ibi tí wọn ò gbẹ́ nǹkan sí. Ọrùn dùn mí.

Màmá jókòó sí àgbàlá, ó ní kí Bọ̀dá tún ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn sọ. Ó sọ ọ́. Màmá wá béèrè pé, "Àwọn ọmọbìnrin wọn ńkọ́?" Bọ̀dá ní wọn kì í jẹ́ kí obìnrin ṣe ìdánwò náà. Màmá ní, "Hẹn." Màmá mi ò kọjá SS1. Owó tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi rán níléèwé. Mo ti mọ ìtàn yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó jókòó sídìí ẹ̀ báyìí rí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, ó ní kí n ya òun ní fọ́tò níwájú ilẹ̀kùn ńlá, kí n sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà hàn.

Níta, oòrùn mú, ara wa sì ń lẹ̀ nítorí ọ̀rinrin. Bọ̀dá ra àgbo fún wa. Àgbo ni mo pè é, torí kò sí orúkọ mìíràn tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Liangcha ni wọ́n ń pè é, ewé àti gbòǹgbò tí wọ́n sè pọ̀, dúdú, kíkorò. Wọ́n gbà pé ó ń lé ooru jáde lára. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà káàkiri ìlú. Èyí tó korò jù ni Màmá gbé mu láìdúró. Èmi tu tèmi dà sẹ́yìn igi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi náà.

A lọ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Xianxian, lẹ́bàá ọgbà Yuexiu. Sàréè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ti Sa'd ibn Abi Waqqas ni, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé Ànábì. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kò gbà pé òun ni. Mi ò gbọ́ wáàsí, ṣùgbọ́n Fátíhà ò yàtọ̀. Ní apá àwa obìnrin, ìyá ará Ṣáínà kan fà sẹ́yìn kí Màmá mi lè ráyè, ó sì tún ìbòrí mi ṣe láìbéèrè. Nígbà tí a jáde, ọjà ti kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn Mùsùlùmí láti àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà ń yan ẹran àgùntàn lórí igi bíi súyà, wọ́n ń ta búrẹ́dì róbótó. Mo gbọ́ Haúsá, mo gbọ́ Faransé, mo sì gbọ́ ẹnìkan lẹ́yìn mi tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi." Mo yà kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Nínú ọgbà Yuexiu ni ère ewúrẹ́ márùn-ún wà. Wọ́n ní ìyàn mú ìlú náà nígbà kan. Àwọn ẹni ọ̀run márùn-ún gun ewúrẹ́ márùn-ún wá, wọ́n fún àwọn èèyàn ní ṣírí ìrẹsì, wọ́n ní ebi ò ní pa ìlú náà mọ́, wọ́n sì lọ. Àwọn ewúrẹ́ náà di òkúta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Guangzhou ní Ìlú Ewúrẹ́. Ilé alájà márùn-ún kan náà wà nínú ọgbà yẹn, Zhenhai, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1380. A ò gòkè rẹ̀. Òjò dé.

Lálẹ́, a lọ sí etí odò Pearl. Ọkọ̀ ojú omi ń kọjá pẹ̀lú iná, ilé gogoro Canton tó ga ní 600 mítà ń pààrọ̀ àwọ̀ láti pupa sí búlúù. Ẹ ti rí i nínú fọ́tò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ẹ ò tíì rí ni wàrà aláwọ̀ méjì tí a jẹ kí a tó darí sílé, àwọn ará Shunde tó wà nítòsí ló ni ín. Wọ́n á se wàrà ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn, wọ́n á bù ú sínú abọ́ kó tutù títí tí awọ fi máa dì sójú rẹ̀. Wọ́n á lu awọ náà díẹ̀ létí, wọ́n á rọra da wàrà tó wà nísàlẹ̀ jáde, wọ́n á pò ó mọ́ ẹyin funfun àti ṣúgà, wọ́n á tún dà á padà sábẹ́ awọ yẹn, á sì léfòó. Wọ́n á wá fi ooru sè é, awọ kejì á tún dì. Ó rọ̀ ju ẹ̀kọ tútù lọ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú wàrà Fúlàní nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bi mí bó ṣe rí.

Ní Sátidé a padà sí Zhongda láti sanwó ìyókù ẹrù. Ọkùnrin onílẹ́ẹ̀sì náà fi omi gbígbóná ṣan ife, ó bu tíì, ó gbé e síwájú Màmá bó ṣe máa ń gbé e. Màmá wò ó. Ó fi ìka méjì kan tábìlì, ó sì gbé e mu. Ọkùnrin náà ké pe ìyàwó rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ hàn án, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún bu òmíràn. Màmá fa ẹ̀rọ ìṣírò mọ́ra, ó tẹ iye tirẹ̀. Ọkùnrin náà pa á rẹ́, ó tẹ iye tirẹ̀ padà. Ife mẹ́rin ni wọ́n mu kí wọ́n tó fẹnu kò.